Ìwé Tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ Fọwọ́ Sí Sílẹ̀

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá náà ń pe obìnrin tó ń tọ́jú yàrá ẹ̀rí, nítorí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ afurasí, ojú rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kí wọ́n dí ẹnu àpò rẹ̀, kí òun wá fọwọ́ sí ìwé pélébé tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ náà kò le, ó kàn ń gbani lákòókò ni. Kò ní tíì jẹun dé ìdajì tí wọn yóò fi kanlẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kánmọ́kánmọ́ yọjú lójú fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú fọwọ́ sí ogún ìwé pélébé sílẹ̀ fún mi, jàre. Ṣé torí àwọn tó ń ta oògùn olóró lẹ ò ṣe ní jẹun ni?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí, wàá kó bá mi lọ́jọ́ kan." Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Ó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni Kánmọ́kánmọ́ mú télọ̀ kan wọlé, ó ní òun bá oògùn olóró nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò mọ̀ pé àbúrò Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mu sìgá rí, ká má tíì sọ oògùn," ni télọ̀ náà ń sọ pẹ̀lú ẹkún. "Ṣòkòtò tí mo rán fún ọlọ́pàá yìí ló ní ó fún òun jù. A jọ ṣe gbólóhùn asọ̀ lé e lórí."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sáré wo àpò ẹ̀rí náà. Kò rí i rí, síbẹ̀ ìwé pélébé tí òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí ló wà lára rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ó panu mọ́, ó ní adájọ́ yóò kúkú rí òótọ́.

Ìyá wọn, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, bi í léèrè: "Ìwọ tó o wà níbẹ̀, kí lo rí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún kóòtù."

Oṣù méje ni àbúrò rẹ̀ fi wà látìmọ́lé. Ní oṣù karùn-ún ni ìyá wọn kú, wọn ò sì jẹ́ kó wá síbi ìsìnkú.

Nígbà tí ẹjọ́ dé, lọ́yà télọ̀ na àpò náà sókè. "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i, mà. Báwo ló ṣe wúwo tó lọ́jọ́ yẹn?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wo àbúrò rẹ̀ tó ti rù kan egungun. "Mi ò rí i, sà. Òfo ni ìwé yẹn nígbà tí mo fọwọ́ sí i."

Wọ́n dá télọ̀ sílẹ̀. Kánmọ́kánmọ́ wọ ẹ̀wọ̀n, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ mọ́kànlá mìíràn tó fọwọ́ sí ẹ̀rí wọn ló dàrú lọ́jọ́ kan náà, nítorí kò sẹ́ni tó lè gba ìwé tó fọwọ́ sí gbọ́ mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó gba ìdáǹdè jẹ́ ọkùnrin tó ń ta oògùn olóró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé ní tòótọ́. Ó ti padà sídìí òwò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ohun tẹ́ ò bá fojú rí, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin ará ìlú, bí wọ́n bá mú yín, ẹ ní kí wọ́n wọn ẹrù náà lójú yín, kí wọ́n dí i lójú yín, kẹ́ ẹ sì pe lọ́yà tàbí ẹbí yín. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé òfo. Bí ọlọ́pàá bá ṣàṣejù, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà láyà aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fẹjọ́ sun àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ òótọ́, kó sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní.

Télọ̀ kò bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í lójú oórì ìyá wọn: "Mo gbọ́ pé Màmá bi yín léèrè ohun tẹ́ ẹ rí. Kí lẹ sọ fún wọn?"