Ibi Tí Annelise Kọ Ẹ̀kọ́ Náà Sí

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni olùkọ́ ní kí kálukú fi di ọrùn ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ mú, kó ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Gerrit Bouwkamp di ti Annelise Terpstra mú fún odindi ìṣẹ́jú kan.

"Ṣé o ò mọ̀ ọ́n kà ni?" Annelise bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n kà. Ọkàn tìẹ ni ò jẹ́ kí n kà á tán. Ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìsáré ni, ọ̀gbẹ́ni."

"Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Annelise kó tó mọ̀. Ọmọ náà kì í sì í rẹ́rìn-ín ní kíláàsì. Ó ti pinnu pé ó dìgbà tí òun bá di dókítà.

Ẹ̀ka eré ìdárayá ló ni ẹ̀kọ́ yìí, nínú ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ìwẹ̀ fásitì wọn ní Michigan. Bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí èèyàn bá ń sáré ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló gba A. Kí yìnyín ọdún yẹn tó yọ́, wọ́n ti ń fẹ́ra.

Dókítà eyín ni bàbá Annelise. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá náà ti ń fi í han àwọn èèyàn pé, "Dókítà wa rèé." Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ nílé epo, ó sọ fún ọkùnrin tó ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ pé ọmọ àgbẹ̀ búlúbẹ́rì ni Gerrit, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn la ti ń rà á."

"Mọ́mì, òun náà fẹ́ ṣe dókítà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dáa kéèyàn máa fẹ́ nǹkan."

Ní ọdún kẹta, ọ́fíìsì tó ń ran àwọn tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ́wọ́ fún Annelise ní tábìlì kékeré kan. Tábìlì náà kéré lóòótọ́, àmọ́ bí adájọ́ ló ṣe ń jókòó sídìí ẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìṣègùn máa ń ṣírò máàkì sáyẹ́ǹsì lọ́tọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló sì máa kọ ibi tí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bọ́ sí: èyí tó bá bọ́ sábẹ́ bàyọ́lọ́jì á wọnú máàkì sáyẹ́ǹsì, èyí tó bá bọ́ sábẹ́ ìlera ò ní wọ̀ ọ́. Ìyẹn lọ̀rọ̀ tó ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá sọ́dọ̀ Annelise.

"Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ńkọ́?"

"Ìlera."

"Ẹ̀kọ́ nípa àjàkálẹ̀ àrùn nínú ìlú?"

"Ìlera. Ẹlòmíì!"

Ó wá kan Gerrit. Kẹ́mísírì ti fìyà jẹ ẹ́, àwọn A mẹ́ta tó gbà ní ẹ̀ka eré ìdárayá nìkan ló lè gbé máàkì sáyẹ́ǹsì rẹ̀ sókè.

"Ọ̀wọ́n, ẹ̀kọ́ wa yẹn, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró la fi bẹ̀rẹ̀, òun náà la fi parí. Ṣé bàyọ́lọ́jì kọ́ nìyẹn?"

"Ẹ̀ka eré ìdárayá ló ni ín. Abẹ́ ìlera ló ń lọ, òun àtàwọn méjì tó kù. Àwọn tó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò á sọ pé ò ń jí máàkì kó."

Gerrit kọ "ìlera" sójú fọ́ọ̀mù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. "Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ Ẹtì ni Gerrit fẹ́ fi fọ́ọ̀mù tiẹ̀ ránṣẹ́. Lọ́jọ́rú, Annelise jókòó ti fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ó wá ṣí ìwé ìlànà, ìwé tó ti ń fi dẹ́rù ba èèyàn láti ọdún kan láìkà á tán. Ó bá a níbẹ̀ kedere: ohun tí ẹ̀kọ́ náà dá lé lórí jù ni kí wọ́n wò, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ka tó ń kọ́ ọ.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kọfí rẹ̀ tutù. Ó kọ ẹ̀kọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró náà sábẹ́ bàyọ́lọ́jì nínú fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ó sì gbé fóònù láti pe Gerrit.

Ó wá rántí gbogbo àwọn tó ti dá lẹ́jọ́ nídìí tábìlì yẹn. Ó rántí "Ẹlòmíì!" tó máa ń pè. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Wọ́n á tún un ṣe fún un tí wọ́n bá ń yẹ̀ ẹ́ wò," ló sọ fún ara rẹ̀.

Wọn ò tún un ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Portland gba Annelise. Bàbá rẹ̀ pe gbogbo ẹbí. Lẹ́tà mẹ́rìndínlógún ni Gerrit gbà, gbogbo wọn ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí èyí tó gbà á. Ó padà sóko bàbá rẹ̀.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Annelise ń pè é. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, ilé á pa lọ́lọ́ bíi pé ẹnikẹ́ni ò bá a sọ̀rọ̀ rí.

Nínú oṣù kẹjọ, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó lọ sí Portland, ó wakọ̀ lọ sóko. Gerrit bu búlúbẹ́rì fún un nínú fìlà. Annelise ò lè jẹ ẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, látorí ìwé ìlànà dórí fóònù tó gbé sílẹ̀.

"Mo mọ̀," ni Gerrit wí.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Èmi náà ka ìwé náà, mo sì rí i lójú fọ́ọ̀mù tìẹ tí o ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì."

"Gerrit! Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mò ń dúró dè ọ́ ni. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tóo bá ti pè, màá sọ lọ́kàn mi pé, ó máa sọ lónìí. O ó wá sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ fún mi."

"Dárí jì mí. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Mo mọ ìyẹn náà. Mo ti kọ fọ́ọ̀mù tuntun lọ́dún yìí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́."

Annelise na ọwọ́ sí i. Gerrit di ọrùn ọwọ́ náà mú, ó ń wo aago. Nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, ó jù ú sílẹ̀.

"Ó ti tó," ló wí, ó sì padà sáàárín àwọn igi rẹ̀.

Ní Portland, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, olùkọ́ ní kí wọ́n pín ara wọn ní méjì-méjì. Iye wọn ò pé, Annelise ló ṣẹ́kù. Ó fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mélòó lo kà?" olùkọ́ bi í.

"Mi ò tíì kà á tán, sà," ni Annelise wí. Ìṣẹ́jú kan sì ti kọjá dáadáa.