Ojú Ìwé Tí Lateefah Ká sí Méjì

Fúnlọ́lá na ọrùn wo ojú kọ̀ǹpútà Lateefah. Wá. Kà. Yọ. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí òun fún àwọn àṣẹ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló wà níbẹ̀ gan-an!

"Ó ti jí iṣẹ́ mi," ló wí nínú ara rẹ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Yábàá ni, lọ́dún 1993. Ọ̀gbẹ́ni Túbọ̀sún, olùkọ́ wọn, ti pín iṣẹ́. Fúnlọ́lá ni yóò kọ àwọn àṣẹ tó ń tọ́jú ọjọ́, Lateefah ti ọ̀rọ̀, Rilwan ti nọ́ńbà. Wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun láti lò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá rọrùn lò jù ni yóò kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún kejì lọ́fẹ̀ẹ́, bàbá Fúnlọ́lá sì ti sọ pé apá òun kò ká owó ilé ẹ̀kọ́ mọ́.

Ó rántí Ọjọ́bọ̀ tí ibà dè é mọ́lẹ̀ nílé, tí Lateefah wá yá ìwé rẹ̀. Nígbà tó dá a padà, ojú ìwé kan ká sí méjì. Ẹyẹ kì í ṣàdéédé bà lé òrùlé. Ṣé kì í ṣe ibi tó ti jí i wò nìyẹn?

"Rilwan, ṣọ́ra fún Lateefah o. Ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́," ni Fúnlọ́lá wí.

"O tún ti dé! Ṣé o ká a mọ́bẹ̀ ni?"

"Ojú mi ò fọ́, jàre."

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ló jí ti Lateefah, Fúnlọ́lá pa orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́, ó fi Tọpinpin, Ṣírò àti Dànù rọ́pò wọn.

Ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun yóò dán iṣẹ́ wọn wò pé. Ẹni tó bá ti lo ti Lateefah kì í béèrè kó tó lo ti Rilwan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ Fúnlọ́lá, wọ́n á kọsẹ̀.

"Àǹtí, mo tẹ Wá, kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ̀ ọ́n," ni akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan wí fún un.

Ọ̀gbẹ́ni Túbọ̀sún mi orí. "Fúnlọ́lá, ilé wo lo dé tí wọn kì í pe ọmọ tó tẹ̀lé ìbejì ní Ìdòwú? Bí iṣẹ́ bá jọra, ẹ jẹ́ kí orúkọ jọra, kí àlejò má baà ṣìnà. Inú àpẹẹrẹ tí mo kọ́kọ́ fún yín ni gbogbo yín ti mú orúkọ wọ̀nyẹn. Mo sì ṣàlàyé ní Ọjọ́bọ̀ ìjọ́sí pé kí ẹ má yí wọn padà."

"Mi ò wá lọ́jọ́ yẹn, sà."

"Mo kọ ọ́ sínú ìwé ẹ," ni Lateefah wí, kò wo ojú rẹ̀. "Mo ká ojú ìwé yẹn kó o lè tètè rí i."

Fúnlọ́lá ṣí ojú ìwé náà, ó ka ohun tí Lateefah kọ síbẹ̀: "Fúnlọ́lá mi, ohun tí sà sọ lónìí nìyí. Ara á yá o."

Lateefah ló gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà. Fúnlọ́lá bẹ̀ ẹ́ títí nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ fún Rilwan, Lateefah ní, "Ó ti tán." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, Lateefah gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Rilwan.

Lóòótọ́, ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n oògùn tí a kò béèrè bí a ti ń lò ó a máa pa ẹni tó gbé e mu.