Ọ̀rọ̀ Mẹ́sàn-án Tí Apàbàwọ́n Gbé Lọ Sílé Ẹjọ́

Ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ̀wù funfun ọ̀gá ọgbà ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, sórí tábìlì adájọ́, ilé ẹjọ́ kún débi pé àwọn kan ń yọjú lójú fèrèsé. Ayé ọkọ̀ onígbòkun ni ayé ìgbà náà. Àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì ti òkè òkun dé, wọ́n ti gba èbúté, wọ́n ti gba ilé ẹjọ́, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gba afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí. Adájọ́ wọn wọ aṣọ dúdú tó ń gbálẹ̀. Kẹ́tù kan ń hó lórí iná èédú lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ọkùnrin náà kò lè gbọ́ ẹjọ́ kan parí láìmu ohun gbígbóná.

Káfíńtà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn dúró ní apá òsì, okùn ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀sùn náà ni pé ó fi irin ìgbẹ́gi gún ọ̀gá rẹ̀ láyà ní ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn. Gbogbo ọgbà ọkọ̀ ló sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: ọ̀gá ní kó fi pákó tuntun bo pákó tó ti jẹrà lábẹ́ ọkọ̀ kan, káfíńtà sì ní òun ò ní kan pósí fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀wù tó ní àbàwọ́n pupa láyà ni ẹ̀rí wọn. Ojú ọgbẹ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n ní ọlọ́lá kì í bọ́ra níwájú mẹ̀kúnnù.

Ẹ̀gbọ́n káfíńtà náà obìnrin wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Alágbàfọ̀ ni, ogún ọdún ló ti ń fọ aṣọ àwọn ilé ńlá, Apàbàwọ́n sì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó na ọrùn, ó wo ẹ̀wù náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀jẹ̀ tó ti lo ọ̀sẹ̀ kan lára aṣọ máa ń dúdú ni, á sì le gbagidi. Èyí rọ̀, etí rẹ̀ sì pọ́n bí èlú tí wọ́n da osùn pọ̀ mọ́.

Ó dìde. "Adájọ́, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀jẹ̀ kọ́ nìyẹn o! Wáìnì ni!"

Ògbufọ̀, ọkùnrin kan tí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ń dán yanran, tẹrí ba fún adájọ́, ó sọ gbólóhùn kúkurú kan. Àwọn ọlọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ mu nínú ife rẹ̀, ó ní lọ́jọ́ karùn-ún òun á dá ẹjọ́, ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n á sì gbé káfíńtà lọ síbi ìwakùsà. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń padà bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Alásè gbé aṣọ ìnuwọ́ ilé ìdáná wá sí odò bí ìṣe rẹ̀. Ìyá arúgbó yìí ló ń dáná fún ilé àwọn ará òkè òkun tó tóbi jù ní èbúté. Ó ti tẹ̀lé ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, òun ló ta agbòòrùn bò ó lórí.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni Apàbàwọ́n kí i, láìgbójú sókè.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o mọ ohun tí ògbufọ̀ yẹn sọ? Ó ní o ń bẹ̀bẹ̀ àánú, pé àbúrò rẹ mutí yó ni."

Igi ìfọṣọ bọ́ lọ́wọ́ Apàbàwọ́n. "Èmi? Mo bẹ̀bẹ̀?"

"Ọ̀gá ọgbà ọkọ̀ ló ń bọ́ ògbufọ̀ náà. Ṣùgbọ́n gbọ́: òfin wọn ni pé ẹni tó bá lè fẹnu ara rẹ̀ sọ èdè wọn kò nílò ògbufọ̀. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ."

"Ẹ kọ́ mi, mà."

Ìyá Alásè wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Òfin mìíràn wà tó sọ pé ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá kọ́ ará odò bí àwọn alágbàfọ̀ ní èdè náà yóò jẹ ogójì pàṣán, wọn yóò sì lé e jáde láìní ibùgbé. Kí ni arúgbó máa fi ogójì pàṣán ṣe? "Èdè ilé ìdáná ni mo gbọ́ o," ló wí. "N ò gbọ́ èdè ìwé."

"Ilé ìdáná náà tó. Ẹ ṣáà fún mi ní ọ̀rọ̀ omi, ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ ẹ̀wù. Omi gbígbóná á se ẹ̀jẹ̀ mọ́ aṣọ, ṣùgbọ́n á lé wáìnì jáde. Èyí tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n nìyẹn."

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láàárín ìró igi ìfọṣọ ogójì obìnrin. Ẹ̀wù ni wọ́n fi ṣáájú.

"Kàmísà," ni Ìyá Alásè wí.

"Kámísá."

"Rárá. Ìwọ ń bu oúnjẹ dọ́gba fún gbogbo wọn. Nínú ọ̀rọ̀ tiwọn, ọba kan ṣoṣo ló máa ń wà. Òun ni kó o gbé sókè, kí àwọn yòókù dọ̀bálẹ̀."

Apàbàwọ́n gbé igi ìfọṣọ, ó sọ ọ́ kalẹ̀ síbi tí ọba wà: kà-MÍ-sà. Ó tún un ṣe títí aṣọ tó ń lù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Omi ni águà. Ẹ̀jẹ̀ ni sáńgírè. Wáìnì ni bínò. Rárá ni nó, ìyẹn kò sì fún un ní wàhálà kankan, ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Arákùnrin ni ẹ̀rìmánò, ahọ́n sì gbọ́dọ̀ gbọ̀n níbẹ̀ bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́ lórí okùn.

"Mi ẹ̀rìmánò," ni Ìyá Alásè wí. "'Mi' tiwọn, 'mi' tiwa náà ni. Ọ̀fẹ́ nìyẹn. Àwọn kàn máa ń gbé e ṣáájú ni, oníwàǹwára ni wọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn tó wà nítòsí náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ tútù àti gbígbóná fẹ́ pa Apàbàwọ́n. Fíríà, kàliẹ́ńtè: bó bá mú èyí, ìyẹn á wọlé. Bó bá sì béèrè omi tútù nílé ẹjọ́, wáìnì ò ní kúrò, àbúrò rẹ̀ á sì lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bú sẹ́kún.

"Nu ojú rẹ," ni Ìyá Alásè wí. "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Ó ti ọwọ́ Apàbàwọ́n bọnú odò: "Fíríà!" Ó tún fi orí ìka rẹ̀ kan ìkòkò tí wọ́n fi ń se aṣọ. "Kàliẹ́ńtè!" Apàbàwọ́n pariwo, ó fi ìka sẹ́nu. Ìka náà léròrò.

Kí wọ́n tó pínyà, arúgbó náà fún un ní ọ̀rọ̀ kẹsàn-án. "Èyí kì í ṣe ti àbúrò rẹ, tèmi ni. Tí wọ́n bá bi ọ́ ta ló kọ́ ọ, sọ pé nádìè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sẹ́nìkan."

Lọ́jọ́ karùn-ún, ògbufọ̀ dìde, ó tún bọ́tìnnì rẹ̀ ṣe. Kó tó la ẹnu, Apàbàwọ́n ti wà níwájú tábìlì.

"Nó," ló wí fún un.

Ó na ìka sí ẹ̀wù. "Kàmísà." Ó na án sí àbàwọ́n. "Sáńgírè? Nó. Bínò."

Ọ̀gá ọgbà ọkọ̀ fò dìde, ó ń jágbe. Apàbàwọ́n kò wo ibẹ̀. "Águà," ló wí, gbogbo ohun tó kù sì sá lọ lórí rẹ̀. Ó rí àbúrò rẹ̀ tó ń wò ó. Ó fi àtàǹpàkò tẹ orí ìka tó jóná.

"Kàliẹ́ńtè!"

Ó gba ẹ̀gbẹ́ adájọ́ kọjá, ó gbé kẹ́tù kúrò lórí iná. Ẹ̀ṣọ́ kan sáré bọ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ gbọ́wọ́ sókè, ó fẹ́ rí òpin rẹ̀. Obìnrin náà tú gèlè funfun rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀ gún ọwọ́, ó nu ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ gèlè. "Sáńgírè." Ó da omi lé e. Ẹ̀jẹ̀ yí padà, ó dúdú bí èépá ojú egbò, ó sì di aṣọ mú. Ó da ìyókù omi sórí ẹ̀wù. Àbàwọ́n ń yọ́, omi aláwọ̀ elésè àlùkò ń ṣàn lórí tábìlì, òórùn wáìnì sì gba gbogbo ilé ẹjọ́ kan. Adájọ́ tó ń mu wáìnì tirẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè ní òun ò mọ òórùn yẹn. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé, ẹ̀rín náà sì ràn.

"Mi ẹ̀rìmánò, nó," ni Apàbàwọ́n wí. Ọ̀rọ̀ tó kù fún àbúrò rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Wọ́n tú okùn ọwọ́ káfíńtà. Kò dùn mọ́ adájọ́ nínú, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ ṣe lójú gbogbo ayé? Ló bá fi ìbínú béèrè ohun kan, inú ògbufọ̀ sì dùn láti túmọ̀ rẹ̀: "Ta ló kọ́ ọ?"

"Nádìè."

Àwọn ilé ńlá gba aṣọ wọn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di àárọ̀, akọ̀wé ilé ẹjọ́ gbé ìwé wá sí odò, ó ń bi àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan ta ló kọ́ Apàbàwọ́n. Ogójì igi ìfọṣọ ń lu aṣọ, kò sì sí èyí tó dúró. Nádìè, ni ti àkọ́kọ́ wí. Nádìè, ni èkejì. Ó ń kọ ọ́, ó ń kọ ọ́. Ìyá Alásè sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀ lórí, akọ̀wé sì bi òun náà. Arúgbó náà gbé ọba ọ̀rọ̀ síbi tó yẹ: "Nádìè." Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó kí àwọn alágbàfọ̀, "Ẹ kú iṣẹ́ omi o!"

Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn náà ni àsíá àwọn ará òkè òkun sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté. Wọ́n kó fàdákà wọn, wọ́n fi ìwé wọn sílẹ̀. Ọmọbìnrin káfíńtà, tó ti mọ̀wé, rí ojú ewé tí akọ̀wé yẹn kọ nínú ìdọ̀tí ilé ẹjọ́, ó gbé e wá fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò.

"Ẹ̀yin náà nìyí, mà. Wọ́n bi yín ta ló kọ́ yín, ẹ ní kò sẹ́nìkan. Ṣé òótọ́ ni?"

Apàbàwọ́n wo ọ̀nà tí Ìyá Alásè máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀ kó tó di pé ó kú, lórí ibùsùn ara rẹ̀, láìjẹ pàṣán kan. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Irọ́ ni," ló wí. Ó dìde, ó kọjú sí èbúté tí ọkọ̀ wọn kò sí mọ́, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pe orúkọ arúgbó náà jáde.