Iná Kẹta Lára Àpótí Muslimat

Igbe tí Muslimat ké ní Bẹ̀yẹrúnkà lọ́sàn-án Jímọ̀ yẹn, ewúrẹ́ Ọjà'ba gbọ́ ọ, ó fi èèpo iṣu sílẹ̀ sá lọ. Ó kírun dé, ó bá ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀ ní ṣíṣí gbayawu, lápútọ́ọ̀pù ẹ̀ ti lọ. Pírójẹ́ẹ̀tì tó fi odidi ọdún kan kọ wà nínú ẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an sì ni ilé-ìwé máa gbà á mọ. Tí ò bá tètè fi ránṣẹ́, ó di kó tún ọdún yẹn ṣe.

Sájẹ́ńtì Obed ni wọ́n kọ́kọ́ rán wá. Kí ni Obed mọ̀? Ọkùnrin tó lè fi ọjọ́ mẹ́ta wá fìlà tó dé sórí. Ó ní nígbà tí gbogbo agbo ilé lọ kírun, Gbénga oníṣẹ́ iná, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, nìkan ló kù ládùúgbò, ó bá gbá a ní ṣòkòtò mú.

Aago mẹ́rin ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Bertha tó dé. Obìnrin yìí, tí o bá parọ́ l'Ágodi, etí ẹ̀ á máa yún un ní Bẹẹrẹ.

"Gbénga, iṣẹ́ wo lo ṣe nílé yìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò jalè. Wáífáì ò lè wọ yàrá ẹ̀yìn ni."

Òótọ́ ló sọ. Ògiri amọ̀ ilé yẹn nípọn débi pé ìró àrá gan-an máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

"Mo bá ra àpótí funfun kékeré méjì. Mo ki ọ̀kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀, mo so ó mọ́ ràutà. Mo ki ìkejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá Muslimat. Wáyà iná inú ògiri ló ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì láti ara ọ̀kan lọ sára ìkejì."

Obed bú sẹ́rìn-ín. "Íńtánẹ́ẹ̀tì nínú wáyà iná! Kó má lọ gbé èèyàn o!"

"Obed, panu mọ́, kí ọpọlọ ẹ sinmi. Àpótí ìkejì ńkọ́?"

Muslimat ló dáhùn. "Olè gbé e mọ́ lápútọ́ọ̀pù, mà. Wáyà kan ló so wọ́n pọ̀."

Ibẹ̀ ni Alájì Àkíbù ti wọlé, alága àwọn onílé, tí ilé ẹ̀ fara ti tiwọn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń gbé púláyà kiri àdúgbò, tó ń gé wáyà àwọn tó ń jí iná, tó sì ń wàásù lé wọn lórí.

"Ẹ má fi ọmọ yìí sílẹ̀ o! Inú tó ń run mí ni ò jẹ́ n lọ kírun, ǹ bá ti mú un fúnra mi. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun! Ẹ gba omi tútù, ìnsípẹ́kítọ̀. Fíríìjì mi kì í sinmi."

Omi yẹn tutù débi pé eyín Obed ń lu ara wọn.

"Mà, aago márùn-ún ń bọ̀," Muslimat ń sunkún. "Ilé yìí ti sú mi! Gílóòbù mẹ́ta àti fáànù kan la ní, síbẹ̀ iná tá a bá rà sí mítà kì í lò tó ọ̀sẹ̀ kan."

Bertha bẹ̀rẹ̀ síwájú àpótí pálọ̀, ó ń wo iná mẹ́ta tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀.

"Gbénga, kí ni iná kẹta yìí ń sọ?"

"Ó ń sọ pé òun rí ìkejì òun..." Ẹnu Gbénga ò pa dé mọ́. "Mà! Tí ìkejì ò bá sí lára wáyà tó ń gba iná látinú mítà ilé yìí, kò yẹ kó tàn!"

Bertha sọ̀rọ̀ sí i létí, ó fi í sídìí súìsì ńlá tó ń pa iná gbogbo ilé náà, ó wá lọ dá ife padà fún Alájì tó ti padà sílé ẹ̀. Obed àti Muslimat tẹ̀ lé e. Ó jókòó sábẹ́ fáànù, ojú fèrèsé ṣí sílẹ̀.

"Fáànù yín dáa o, Alájì. Mítà ta ló ń gbé e?"

"Mítà tèmi ni! Èmi tí mò ń gé wáyà olè?"

"Gbénga! Pa á!"

Fáànù rọra dúró. Fíríìjì mí kanlẹ̀, ó dákẹ́.

"Tàn án!"

Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Àwọn oníná ló ń ṣeré," Alájì ní. Òógùn tó bò ó tó pọn kún àmù méjì.

"Àwọn oníná ló ń gbọ́ ohùn mi láti ibí?"

Bertha wọ yàrá, ó ká kọ́tìnì ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì. Àpótí funfun ń ṣẹ́jú nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, lápútọ́ọ̀pù wà lábẹ́ ìrọ̀rí, wáyà ṣì so wọ́n pọ̀.

"Olè tó gbọ́n á ti gbé e tà," Bertha ní. "Ẹ̀yin rò pé inú àpótí ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbé, bí omi inú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ dúró sílé nígbà tí gbogbo ilé lọ kírun, ẹ gbé e, ẹ fi í sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri yín. Ká ní iná tiyín lẹ̀ ń lò ni, àpótí pálọ̀ ì bá má rí ìkejì ẹ̀, èmi náà ì bá má mọ ibi tí mo máa wá. Olè tẹ́ ẹ ti ń jà látọjọ́ yìí ló mú olè tẹ́ ẹ jà lónìí. Lápútọ́ọ̀pù ńkọ́, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Alájì sorí kọ́. "Wáyà ló so wọ́n pọ̀. Mi ò mọ èyí tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀."

Obed rẹ́rìn-ín. Obed o!

Muslimat ò dúró gbọ́. Orí ẹní Alájì ló jókòó sí, ó ṣí lápútọ́ọ̀pù. Wáyà tí wọ́n fi ń jí iná wọn ló gbé pírójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Nígbà tí ilé-ìwé fèsì pé ó ti dé, ọmọ náà dojú bolẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Gbénga, pa á!" Bertha mú púláyà lórí tábìlì, ó nà án sí Alájì. "Iṣẹ́ yín rèé. Ẹ gé wáyà yẹn, kẹ́ ẹ sì wàásù ẹ̀ fún wa dé tééṣàn."