Orúkọ Kejìlélógójì

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Olúwaníyì, mo rò pé arúgbó ni. Eruku mábù ti sọ irun orí rẹ̀ di funfun báláú. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán o, bàbá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ dìde jàre, àǹtí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí."

Ojú tì mí. Inú tún bí mi díẹ̀, torí ẹ̀rín rẹ̀ dùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fín orúkọ sára òkúta, nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Agége. Ẹgbẹ́ Ọmọ Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, ẹ̀ka Ìkẹjà, ló rán mi sí i. Bàbá mi, Alàgbà Ilésanmí, ni alága. Èmi ọmọ wọn, Tinúọlá, ni akọ̀wé, ẹnì kankan ò sì bi mí bóyá mo fẹ́. Lọ́dọọdún la máa ń lọ sílé, ní Èkìtì, ká lọ ṣèrántí àwọn jagunjagun mọ́kànlélógójì tí ọ̀tá dó tì nínú odi ìlú wa fún oṣù mẹ́ta. Ewé ni wọ́n ń jẹ nígbẹ̀yìn. Wọn ò ṣí ilẹ̀kùn odi títí gbogbo wọn fi kú, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ìyá àtàwọn ọmọ ráyè sá lọ. Lọ́dún yìí, a fẹ́ gbé òkúta tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀ síbẹ̀.

Olúwaníyì ka orúkọ tí mo kọ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

"Àǹtí, ó ku ẹnì kan. Ọbasùyì."

"Níbo lẹ ti gbọ́ orúkọ yẹn?"

"Òun ló bí bàbá bàbá mi."

Àyà mi já. Kò sí ọmọ Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ tí kò mọ Ọbasùyì, ẹni tó yọ́ jáde kúrò nínú odi nígbà tí ebi le. Títí dòní, tí ọmọdé bá sá fún iṣẹ́ nílé wa, Ọbasùyì ni wọ́n ń pè é.

"Mọ́kànlélógójì ni wọ́n ní kí n mú wá," mo ní.

"Mo ti gbọ́. Mọ́kànlélógójì ni màá fín."

Kò bá mi jà. Bóyá ìyẹn ló mú mi padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo ní mo wá wo iṣẹ́. Mo tún wá wò ó lọ́jọ́ kẹta. Ta ló ń wo òkúta lójoojúmọ́? Nígbà tó fi máa fín ogún orúkọ, kò pè mí ní àǹtí mọ́.

"Tinú mi, jókòó síbí, kí eruku má ba aṣọ rẹ jẹ́."

Ó máa ń ra búrẹ́dì gbígbóná àti àkàrà dè mí tí mo bá ti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni dé. Kí n má parọ́, mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an kó tó fín ọgbọ̀n.

Nígbà tó ku orúkọ kan ṣoṣo, mo sọ fún bàbá mi pé Olúwaníyì ni mo fẹ́ fẹ́, mo sì sọ ìdílé tó ti wá. Oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ lọ́wọ́. Wọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ọmọ Ọbasùyì? Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà l'Ékòó? Tí ìyà bá dé, ó máa fi ọ́ sílẹ̀ sá lọ ni. Mi ò fọwọ́ sí i. Ó tán!"

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mo lọ bá Olúwaníyì, mo ní mi ò lè lọ́kọ láìsí àdúrà bàbá mi.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Olólùfẹ́ mi, mi ò ní sọ̀rọ̀ burúkú sí bàbá rẹ. Mi ò mọ ohun tó mú Ọbasùyì jáde. Bóyá ẹ̀rù ló bà á. Àmọ́ ká ní kò jáde ni, ta ni ì bá bí mi?"

Màmá mi, Rachael, kì í já bàbá mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí wọn ò tíì bọ́ sùtánà ọrùn wọn, wọ́n jókòó ti bàbá mi.

"Bàbá Tinú, kí ló gbé yín wá sí Agége lọ́dún yẹn lọ́hùn-ún?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ebi ni. Oko ò so."

"Ìyá yín ńkọ́?"

Bàbá mi yíjú sí fèrèsé.

"Àìsàn ń ṣe wọ́n nígbà tẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ ò sì bá wọn láyé mọ́. Ta ló wá yọ orúkọ yín kúrò nínú ẹbí?"

Mo rò pé ilé máa gbóná. Bàbá mi kàn dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Wọn ò jẹun ọ̀sán. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe ìyá wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ gba òkúta, mo bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Olúwaníyì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Bàbá mi ń fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi dé ti ìkẹyìn. Àyè kan ṣófo lábẹ́ rẹ̀.

"Kí ni àyè yìí wà fún?"

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò fín nǹkan kan sí i. Mo kàn fi sílẹ̀ ni."

Bàbá mi fi ìka kan àyè náà. "Dìde. Fín Ọbasùyì síbẹ̀."

Olúwaníyì mú òòlù. Omijé ń la eruku ojú rẹ̀ kọjá. Bàbá mi bọ́ fìlà, wọ́n súnmọ́ ọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Jẹ́ kó jinlẹ̀, àna mi," ni wọ́n wí. "Kí òjò má baà pa á rẹ́."