Iná Aláwọ̀ Ewé ní Ilé Àgbà Orí Òṣùpá

Bàbá Adégòróyè sín lẹ́ẹ̀kan péré, eegun ìhà mẹ́ta sì dá lára rẹ̀. Kò ṣubú, ẹnikẹ́ni kò sì tì í. Orí àga ló jókòó sí nínú Ilé Àgbà orí òṣùpá, tó ń mu ẹ̀kọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ohun tó wá da gbogbo ènìyàn láàmú ni pé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, iná aláwọ̀ ewé ló tàn fún bàbá náà: àlàáfíà ni.

Ìròyìn yìí ló gbé Ìbídùn, ọ̀gá àwọn olùbẹ̀wò ilé àgbà, wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ọdún mẹ́fà ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láìfi ẹsẹ̀ tẹ ilé yẹn rí. Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ nígbà tí Akíniwádìí wà?

Ẹ̀rọ ni Akíniwádìí, ó sì ní orúnkún. Láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, á wọ yàrá àgbà kọ̀ọ̀kan, á kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, á kí wọn, á sì béèrè bóyá àlàáfíà ni. Èsì wọn ló ń fi ránṣẹ́ sí Àjọ Olùbẹ̀wò nílé ayé. Bí ẹnìkan bá ráhùn, iná pupa á tàn, olùbẹ̀wò á sì gbéra. Àwọn onímọ̀ tó ṣe é fẹ́ kó máa béèrè tààrà pé, "Níbo ló ń dùn yín?" Ìbídùn ló yarí. Ó ní ọmọ tí a kọ́ nílé kì í ko àgbà lójú bẹ́ẹ̀, kó máa kí wọn ni. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un, èmi náà ì bá sì pàtẹ́wọ́ ká ní mo wà níbẹ̀.

Dókítà Láńrewájú, tó ń darí ilé náà, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, Màmá Àṣàkẹ́, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ti jókòó pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó sì ti wé gèlè ìrìnàjò. Ọdún méjì ni wọ́n ní kó lò lórí òṣùpá, níbi tí ara ti ń fúyẹ́ tí orúnkún kì í sì í ro àgbà. Ọdún méjì náà pé lónìí. Ọkọ̀ tó gbé Ìbídùn wá ló máa gbé e padà sí Ìgbájọ ní wákàtí méjì sí i. Ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ìbídùn, ó ku kó buwọ́ lù ú.

"Àrọ́mọdọ́mọ mi ti ń rìn," ni Màmá wí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "N ò sì tíì pọ̀n ọ́n rí. Bá mi tètè fọwọ́ sí i, ọmọ mi."

Ìbídùn kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Adégòróyè. Bàbá ń mí ní ìdákúrekú. Ó ní àyà ti ń dun òun láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún ẹ̀rọ, Bàbá?"

Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu. "Ọmọ kúnlẹ̀, ó kí mi. Ṣé kí n wá máa ka àìsàn sí i létí láàárọ̀ kùtù? Mo ní a dúpẹ́. Kí lèèyàn tún ń sọ?"

Ó wá yé Ìbídùn pé iná yẹn kò mọ àìsàn ẹnikẹ́ni. Ó sáré padà sọ́dọ̀ Màmá Àṣàkẹ́, ó yọ fìtílà awoegun nínú àpò rẹ̀, ó sì tàn án sí ojúgun Màmá. Eegun náà ti dá ihò lu bíi kànrìnkàn tó ti gbó.

Eegun tí kò bá ru ẹrù kì í pẹ́ rọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ òfin pé kí àwọn àgbà òṣùpá máa wọ ẹ̀wù òjé wíwúwo, kí wọ́n sì fi rìn fún wákàtí kan lójúmọ́. Ẹni tí eegun rẹ̀ bá ti rí báyìí, bó bá padà sílé ayé, ìwúwo ara rẹ̀ nìkan tó láti fọ́ ọ.

Ó fa dókítà wọ yàrá kejì. "Ẹ̀wù òjé dà?"

"Gbogbo rẹ̀ ti ya. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá."

"Ẹ sì jókòó tì wọ́n! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pe ara yín ní dókítà!"

Inú bí Láńrewájú. Ó fa ìwé kan yọ, ó nà án sí i. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí yín, mà. Èsì yín rèé."

Ìlà méjì péré ni: iná aláwọ̀ ewé ló ń tàn fún gbogbo àgbà ilé yín, a kò rí ìdí tí ẹ fi nílò ẹ̀wù tuntun. Ìbídùn ló buwọ́ lù ú. Kò tilẹ̀ rántí ọjọ́ tó ṣe é.

"Èmi náà wá ń wo iná yẹn," ni dókítà wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Mo gbà á gbọ́."

Ìbídùn padà lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá Àṣàkẹ́. Ojú ń tì í débi pé kò lè wo obìnrin náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ohun kan pamọ́, títí kan ìwé tó buwọ́ lù.

"Bí mo bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹ̀wù náà báyìí ńkọ́?"

"Ó ti pẹ́ jù, Màmá."

"N ò ní lè lọ mọ́?"

"Ẹ ò ní lè lọ mọ́, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Fèrè ọkọ̀ dún níta. Màmá tú gèlè rẹ̀, ó ká a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì gbé e lé itan. Ibẹ̀ ni Akíniwádìí ti wọlé fún ìbẹ̀wò ọ̀sán. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbídùn.

"Ẹ káàsán o, Màmá. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Ẹ sọ òótọ́ fún un, Màmá," ni Ìbídùn bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí."

Màmá Àṣàkẹ́ fi etí gèlè nu ojú rẹ̀.

"A dúpẹ́, ọmọ mi," ló dá ẹ̀rọ náà lóhùn. "Dìde."

Iná aláwọ̀ ewé sì tàn.