Ẹsẹ Ìkẹyìn Orin Ìbọ̀wọ́

Ọkùnrin náà ṣí fìlà awakọ̀ lórí, ó gbọn yìnyín èjìká rẹ̀ dànù síta kí ó tó wọlé, ó sì tẹríba kí gbogbo wa, títí kan ológbò. Mitsuyo, tó ń nu ife lọ́wọ́, wò ó títí ó fi gbàgbé ife. Èmi náà wá ń wo Mitsuyo.

Lẹ́tà ni mo fi ọdún méjìdínlógójì pín kiri ìlú Hakodate. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ sítóòfù tó ń lé òtútù ní ṣọ́ọ̀bù kọfí Màmá Kinue ni mo fi ṣe ibi iṣẹ́. Àwọn oníbàárà tó kù ń wá síbẹ̀ lọ́sàn-án wá kọrin sínú ẹ̀rọ kàráókè, tó ń lu orin fún ẹni tó bá gba máíkì, tó sì ń fún un ní máàkì. Èmi kì í kọrin. Mo ń mu kọfí, mo sì ń wo ohun tí kò kàn mí.

Mitsuyo ni ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Kinue bí. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, ìyá rẹ̀ kò sì dárúkọ ọkọ fún un mọ́, èyí tó burú ju kí ó máa pariwo rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin yìí béèrè kọfí, ó gba máíkì, ó sì kọ orin ìbọ̀wọ́.

Kò sí ẹni tí kò mọ orin náà lọ́dọ̀ wa. Obìnrin kan gbàgbé ìbọ̀wọ́ ọwọ́ kan sórí ìjókòó ọkọ̀. Ọkùnrin kan mú un relé, ó sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí “mo fẹ́ ọ” nínú rẹ̀, kò sì sí “ọkàn mi bàjẹ́”. Bí àwọn orin wa ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwo òfìfo ni olórin ń gbé síwájú ẹni, kálukú á wá bu ti ìkòkò ilé rẹ̀ sí i. Mo ti rí apẹja tó síngbọnlẹ̀ tó ń sunkún nítorí ìbọ̀wọ́ obìnrin tí kò mọ̀ rí. Tó bá wá kan ẹsẹ ìkẹyìn, níbi tí ọkùnrin ti gbé ìbọ̀wọ́ náà sẹ́nu ọ̀nà tó ní “máa lọ o, ọ̀nà á dára,” ohùn orin á gòkè díẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni omi ti máa ń dà lójú ẹni.

Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n kọ. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ ìkẹyìn ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnì, orin dákẹ́. Ó tẹríba, ó jókòó. A pàtẹ́wọ́ fún un. Ìwà ọmọlúàbí ni kí ènìyàn gé orin rẹ̀ kúrú kí máíkì lè kan ẹlòmíràn, àmọ́ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn, kò sí ẹni tó ń dúró de máíkì.

Ó tún wá ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ó tún gé e. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, Mitsuyo gbé kọfí síwájú rẹ̀, kò kúrò níbẹ̀.

“Ọ̀gá awakọ̀, ṣé bí ẹ ṣe ń wa ọkọ̀ náà nìyí? Tó bá ku ibùdókọ̀ kan ṣoṣo, ẹ ó ní kí èrò bọ́ sílẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹnikẹ́ni ò tíì fẹjọ́ mi sùn.”

“Èmi ti fẹjọ́ yín sùn báyìí. Kí lorúkọ yín, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀?”

“Arisaka. Arisaka Kazuomi.”

“Ó dáa. Ẹ tètè mu kọfí yín, Ọ̀gbẹ́ni Má-parí-ẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe wọ̀. Kí oṣù kejì tó parí, Mitsuyo ti ń kun ètè ní Ọjọ́bọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ ọkọ̀ ojú irin tí Kazuomi ń wà láàárín ìlú, ó sì jókòó títí dé Yachigashira, níbi tí irin parí sí. Gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, ó ku òun.

“Níbo lẹ ń lọ gan-an?” ni Kazuomi bi í.

“Ibi tí ọkọ̀ yín bá dé ni. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i bóyá ẹ máa ń parí nǹkan kan.”

Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí ọkọ̀ tó padà, ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ ọ̀rọ̀ náà. Fumie ìyàwó rẹ̀ ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Kazuomi fúnra rẹ̀ ló wọ ilé ìyàwó, tó gba orúkọ ìdílé wọn, Arisaka, nítorí pé àwọn òbí Fumie kò ní ọmọkùnrin. Ní báyìí, ìyá Fumie, tó ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, kò ní ẹlòmíràn lórí ilẹ̀ ayé.

“Tí mo bá fẹ́ ìyàwó, wọ́n á ní mo ti já ilé náà sílẹ̀. Ta ló máa jókòó ti ìyá yẹn?”

“Orin yẹn ńkọ́?”

“Èmi ló máa ń kọ ẹsẹ méjì àkọ́kọ́. Fumie ló ni ìkẹyìn.” Ó wo aago. “Mitsuyo, ọkàn mi ti ń fà sí ọ jù. Ó máa dáa kí n má wá mọ́.”

Kò sì wá mọ́. Ọjọ́bọ̀ márùn-ún kọjá. Mitsuyo ń fọ ife tó mọ́.

“Ọkùnrin tó gbé àwòrán òkú ìyàwó sórí pẹpẹ ilé, tó ní ìyá ìyàwó nínú yàrá!” ni Màmá Kinue ń sọ láti ìdí iná. “Ibo ni ìwọ fẹ́ tẹ́ ẹní tìẹ sí?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀.”

Èmi kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Àmọ́ mo mọ ojúlé àwọn Arisaka, mo sì mọ Màmá Tatsu, ìyá Fumie, láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Mo ra àkàrà òyìnbó elérèé dídùn, mo lọ kí i. A sọ ti òjò, a sọ ti orúnkún. Nígbà tí mo dìde, mo ní, “Màmá, ọmọ yín kì í parí orin.”

Ó ń bó ọsàn lọ́wọ́. “Ẹsẹ wo ló ń fi sílẹ̀?”

“Ìkẹyìn.”

Ó bó ọsàn náà tán, ó fún mi ní ìlàjì.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ilẹ̀kùn ṣí, Màmá Tatsu wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, Kazuomi ń bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n mú lọ sí ilé ẹjọ́. Ìyá náà ní kí wọ́n fún òun ní sódà aláwọ̀ ewé tó ní áìsìkiriìmù lórí. Ó lá a tán pátápátá kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Gbé orin yẹn sí i.”

Kazuomi kọ ẹsẹ kìíní, ó kọ èkejì. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fẹ́ kan bọ́tìnì, ìyá náà gbé ọ̀pá dínà.

“Yọwọ́ ńbẹ̀.”

Ó gba máíkì. Ohùn rẹ̀ ti sán. Orin gòkè, ìyá náà kò lè bá a gòkè, ó dúró sísàlẹ̀ níbi tí ẹ̀mí rẹ̀ gbé e dé. “Máa lọ o, ọ̀nà á dára.” Kazuomi bo ojú, ó sì ń kọ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀ láàárín ọwọ́, títí orin fi tán. Ẹ̀rọ fún wọn ní máàkì méjìdínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

“Adití ni ẹ̀rọ yìí,” ni Màmá Tatsu wí. Ó yíjú sí kàńtà. “Ìwọ ni Mitsuyo?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Fumie kórìíra ohun tí a ò parí. Nítorí tèmi ni ọmọkùnrin yìí ṣe ń sá fún ẹ. Mú un. Mo ní ọ̀pá, mo ní ẹnu, mi ò ní ṣubú.”

Mitsuyo jáde láti ẹ̀yìn kàńtà, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. “Mi ò ní mú un kúrò lọ́dọ̀ yín, Màmá. Ẹ jẹ́ kí èmi wọ ilé yín. Èmi ni màá máa gbé ìrẹsì síwájú àwòrán Fumie láàárọ̀. Mi ò ní lé e jáde.”

Ìyá náà gbé ọwọ́ lé e lórí. Ìdí iná la ti gbọ́ ohùn Màmá Kinue: “Ìyá méjì fún ọkùnrin kan! Á jẹ́ pé ojú ẹ̀ máa rí nǹkan.” Ohùn ẹkún ló fi sọ ọ́.

Inú oṣù kẹfà ni wọ́n forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa jẹ ẹja àti ìrẹsì pupa tí a fi ń ṣe ayẹyẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Kazuomi kọrin. Nígbà tó kan ẹsẹ ìkẹyìn, ó na máíkì sí Màmá Tatsu.

“Lónìí, kì í ṣe tèmi,” ni ìyá náà wí, ó sì tọ́ka sí ìyàwó.

Mitsuyo gba máíkì. Ó gbé e lọ́wọ́, kò kọ ọ́. Kò sì tẹ bọ́tìnì. Ó fi ẹsẹ náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, ohùn ìlù àti dùùrù nìkan ń lọ, wọ́n ń gòkè, ẹnikẹ́ni kò kọrin lé wọn. Ọwọ́ Kazuomi kò wá bọ́tìnì lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ Mitsuyo ló dì mú, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ títí orin fi parí.

Màmá Kinue bi mí pé kí ló ń ṣe ojú mi. Mo ní èéfín sítóòfù ni. Láti oṣù kẹrin ni wọn kò ti dá iná sí sítóòfù náà.